Kí Ẹ Tó Ra Sọ́fítíwíà fún Ètò Alágbàtà Yín, Ẹ Wo Ibi Tí Owó Yín Ń Gbà Wọlé

Ìbéèrè méjì ló ń da àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàmú nípa ọ̀rọ̀ affiliate, ìyẹn ètò alágbàtà, níbi tí ẹlòmíì ti ń bá yín polówó ọjà kó lè jẹ ìdá nínú ohun tó bá tà. Èkíní ni bóyá kì í ṣe ọmọ ìyá MMM ni, pàápàá lẹ́yìn tí CBEX, ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn wọgbó ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Èkejì ni ti àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀: oṣù parí, alágbàtà ní èèyàn mẹ́wàá lòun mú wá, sọ́fítíwíà tó ń ka iye tí wọ́n mú wá ní mẹ́rin ni, ìjà dé. Ọlọ́jà rò pé alágbàtà fẹ́ gba owó tí kò ṣiṣẹ́ fún, alágbàtà náà gbà pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí olè nínú àwọn méjèèjì. Sọ́fítíwíà tí wọ́n rà ni kò rí ibi tí owó gbà wọlé.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wò nìyẹn kí ẹ tó wo iye tó ń gbà lóṣù tàbí bí ojú ìwé rẹ̀ ṣe dára tó. Sọ́fítíwíà tí kò bá rí owó nígbà tó ń wọlé kò lè mọ ẹni tó mú un wá.

## Kí ni ètò alágbàtà, kí ni kì í sì í ṣe?

Ẹ ní ọjà. Ẹlòmíì bá yín polówó rẹ̀ fún àwọn èèyàn tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá tipasẹ̀ rẹ̀ rà á, ẹ fún un ní ìdá kan nínú owó náà. Ẹni tó bá yín polówó ni alágbàtà, ìdá tí ẹ fún un ni kọmíṣàn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ra ọjà, kò sí kọmíṣàn. Amazon bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1996, Jumia náà sì ní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Orísun owó ló mú un yàtọ̀ sí MMM. Kọmíṣàn ń jáde láti inú èrè ọjà tí ẹnì kan rà tó sì gbà sọ́wọ́. Níbi tí owó ìforúkọsílẹ̀ ẹni tuntun bá ti di èrè ẹni àtijọ́, ẹ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ alágbàtà, ẹ ti wọ gbaju-ẹ̀, òfin ìdókòwò tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2025 sì ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń sọni sẹ́wọ̀n. Mo mẹ́nu bà á níhìn-ín nítorí pé àwọn sọ́fítíwíà kan máa ń fi í yangàn pé àwọn lè san kọmíṣàn dé ìpele karùn-ún tàbí ìkẹwàá, ìyẹn ni pé alágbàtà yóò jẹ lórí alágbàtà tó mú wá, yóò tún jẹ lórí ẹni tí ìyẹn mú wá. Ẹ má tan apá yẹn rárá. Ìpele kan tó fún ṣọ́ọ̀bù, owó tí ọ̀pọ̀ ìpele ń jẹ kì í sì í ṣẹ́ kù sínú ọjà gidi.

## Báwo ni sọ́fítíwíà ṣe ń mọ ẹni tó mú oníbàárà wá?

Ní Computer Village n'Ìkẹjà, ọmọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yóò pe oníbàárà, yóò sìn ín dé ṣọ́ọ̀bù, yóò sì dúró tì í títí owó yóò fi wọlé. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù fojú rí i, kò sí àríyànjiyàn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, alágbàtà kò lè bá oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù. Àmì ló ń fi sí i lára, sọ́fítíwíà ló sì gbọ́dọ̀ ka àmì náà nígbà tí owó bá dé.

Ká ní Bímpé ni alágbàtà yín. Sọ́fítíwíà yóò fún un ní líǹkì tirẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù yín pẹ̀lú ìrù kékeré bíi ?ref=bimpe. Bí ẹnì kan bá tẹ líǹkì yẹn, ṣọ́ọ̀bù yín yóò fi kúkì kan sínú bùráúsà ẹni náà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí bùráúsà ń tọ́jú pamọ́ ni kúkì, tó ń sọ pé Bímpé ló mú ẹni yìí wá, pẹ̀lú ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yóò parẹ́. Bí oníbàárà bá rà lónìí, tàbí tó padà wá rà kí ọjọ́ yẹn tó pé, sọ́fítíwíà yóò wo kúkì, yóò sì kọ kọmíṣàn sí orúkọ Bímpé.

Ẹ̀yin lẹ ó yan iye ọjọ́ tí kúkì yóò lò. Lórí Amazon, wákàtí 24 ni oníbàárà ní láti fi ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 30 ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́jà kéékèèké, mo sì rò pé ó tọ́ fún ọjà tí èèyàn máa ń ronú lé lórí kó tó rà, bíi ẹ̀kọ́ tàbí ẹ̀rọ ìdáná. Fún oúnjẹ tàbí ìpara, ọjọ́ 7 ti tó.

Ẹ tún ní láti pinnu ẹni tí yóò gba owó bí alágbàtà méjì bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí oníbàárà kan náà. Ṣé ẹni àkọ́kọ́ ni, àbí ẹni ìkẹyìn? Ẹ má ṣe rò pé gbogbo sọ́fítíwíà ló ń ṣe é bákan náà. AffiliateWP, tó ń ṣiṣẹ́ lórí WordPress tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́ wẹ́bùsáìtì, ń fún ẹni àkọ́kọ́ àyàfi bí ẹ bá fọwọ́ sí Credit Last Referrer nínú ètò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mìíràn ń fún ẹni ìkẹyìn. Ẹ kọ ìlànà yìí sínú àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó fi líǹkì síta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìjà kò ní gbà á.

## Kí ló dé tí iye kì í fi í bára mu?

Ìdí máàrún ló wọ́pọ̀ jù, mo sì fẹ́ ká fara balẹ̀ lórí wọn, torí wọn ló ń sọ irú sọ́fítíwíà tí ẹ nílò.

Èyí tó ń gba owó jù lọ́wọ́ àwọn alágbàtà ní Nàìjíríà ni ojú ìwé "ẹ ṣeun". Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà kì í mọ̀ pé ọjà ti tà àfi bí oníbàárà bá padà sí ojú ìwé tí ẹ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó sanwó. Ibẹ̀ ni wọ́n fi ohun tó ń kà á pamọ́ sí. Ẹ wá wo bí oníbàárà wa ṣe ń sanwó. Ó dé ojú ìwé Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá ọlọ́jà gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó yan tiransífà, wọ́n fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì. Ó dà á kọ, ó jáde kúrò nínú bùráúsà, ó ṣí áàpù báńkì rẹ̀, ó fi owó ránṣẹ́, alert dé. Kí ló tún ń padà lọ ṣe nínú bùráúsà? Owó ti dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ti di ẹrù, ṣùgbọ́n ojú ìwé "ẹ ṣeun" kò ṣí rárá, sọ́fítíwíà sì gbà pé nǹkan kan kò tà.

Ìwòsàn rẹ̀ ni kí sọ́fítíwíà máa gba ìròyìn láti ẹnu ẹni tó gba owó. Bí owó bá wọlé, Paystack máa ń fi ìròyìn kan tó ń jẹ́ charge.success ránṣẹ́ sí sáfà yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wẹ́bùsáìtì yín ń gbé, ì báà jẹ́ pé oníbàárà ti pa fóònù rẹ̀. Ọ̀nà yìí là ń pè ní webhook. Bí sáfà yín kò bá dáhùn, Paystack yóò tún un fi ránṣẹ́ léraléra títí di wákàtí 72. Orúkọ alágbàtà lè bá ìròyìn yìí rìn nínú àyè tí wọ́n ń pè ní metadata, tí ẹni tó kọ́ wẹ́bùsáìtì yín bá fi í síbẹ̀ nígbà tó ń ṣí ojú ìwé ìsanwó. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ẹni tó ń ta sọ́fítíwíà ni èyí: ṣé ojú ìwé "ẹ ṣeun" lẹ fi ń mọ̀ pé ọjà ti tà, àbí ìròyìn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó gba owó? Bí kò bá lè dá yín lóhùn ní gbólóhùn kan, ẹ bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ìdí kejì ni bùráúsà inú Instagram àti Facebook. Bí èèyàn bá tẹ líǹkì nínú àwọn áàpù wọ̀nyí, inú áàpù ni ojú ìwé ń ṣí sí, kúkì ibẹ̀ kì í sì í bá kúkì Chrome pàdé. Ẹni tó bá wo ọjà nínú Instagram láàárọ̀, tó wá ṣí Chrome rà á lálẹ́, àlejò tuntun ni lójú sọ́fítíwíà.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti iPhone. Láti ọdún 2019 ni Safari, bùráúsà iPhone, kì í ti í jẹ́ kí kúkì tí JavaScript, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú bùráúsà fúnra rẹ̀, kọ pẹ́ ju ọjọ́ 7 lọ. Ẹ lè kọ ọjọ́ 30 sínú ètò yín, ọjọ́ 7 náà ni yóò lò. Kúkì tí sáfà yín fúnra rẹ̀ bá kọ ló ń pẹ́, ìdí tó tún fi dára kí iṣẹ́ yìí wà lórí sáfà nìyẹn. Ìkẹrin ni Opera Mini, tí àwọn tó ń ṣọ́ data ṣì ń lò: ní ipò tó ń dín data kù jù, sáfà Opera ló ń bá èèyàn ṣí ojú ìwé kó tó fi í ránṣẹ́ sí fóònù, JavaScript púpọ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ síbẹ̀.

Ìkarùn-ún kò ní í ṣe pẹ̀lú kúkì rárá. Oníbàárà tẹ líǹkì Bímpé, ó wo ọjà, ó wá kọ ọ̀rọ̀ sí yín lórí WhatsApp: "Ẹ kú iṣẹ́, èló ni last price?" Ẹ dá a lóhùn, ó san owó sínú àkáǹtì yín tààrà, ọjà lọ. Kò sí sọ́fítíwíà tí yóò rí èyí láyé. Bí ìdajì ọjà yín bá ń parí sórí WhatsApp, líǹkì nìkan kò lè tó fún yín, iye yòówù kí ẹ san lóṣù.

## Kí ni kóòdù ẹ̀dínwó lè ṣe tí líǹkì kò lè ṣe?

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kóòdù. Ẹ fún Bímpé ní BIMPE5, ẹnikẹ́ni tó bá lò ó yóò rí ẹ̀dínwó ìdá 5 nínú 100. Oníbàárà lè kọ ọ́ sínú àpótí nígbà tó ń sanwó, ó sì lè sọ ọ́ fún yín lórí WhatsApp tàbí lórí fóònù. Kì í gbára lé kúkì, bùráúsà tàbí iPhone. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ni kò ní gbàgbé rẹ̀, torí èrè tirẹ̀ wà níbẹ̀. Fún ọlọ́jà tó wà láàárín wa, sọ́fítíwíà tí kò bá lè so kóòdù mọ́ orúkọ alágbàtà kò yẹ ní rírà. Ẹ tún rí i pé ó jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kọ ọjà tó tà lórí WhatsApp sínú rẹ̀, pẹ̀lú kóòdù tí oníbàárà dá, kí gbogbo ìṣirò lè wà lójú kan.

Kóòdù náà ní àléébù tirẹ̀: ó ń jò. Ẹnì kan yóò gbé e sí ojúlé kúpọ́ọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń kó kóòdù ẹ̀dínwó jọ, ẹni tó ti fẹ́ rà tẹ́lẹ̀ yóò wá a kàn, ẹ ó sì san ẹ̀dínwó àti kọmíṣàn lórí ọjà tí kò ní ṣàì tà. Ẹ fi gbèdéke sí i, kí ẹnì kan má lè lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kúpọ́ọ̀nù náà ló wà nídìí ariwo Honey ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Ohun èlò inú bùráúsà tó ń bá èèyàn wá kúpọ́ọ̀nù ni Honey, PayPal ló ni ín. Àwọn tó ń ṣe fídíò fẹ̀sùn kàn án pé, nígbà tí oníbàárà bá fẹ́ sanwó, ó ń fi kúkì tirẹ̀ rọ́pò ti alágbàtà tó ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì dé kóòtù ní Amẹ́ríkà. PayPal ní ìlànà "ẹni ìkẹyìn ló ni owó" tí gbogbo iṣẹ́ náà ń lò ni àwọn tẹ̀ lé. Ẹ rí i pé ìlànà tí mo ní kí ẹ kọ sílẹ̀ lókè kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

## Èwo ló bá ọ̀nà tí owó yín ń gbà wọlé mu?

Bó bá jẹ́ ìwé, ẹ̀kọ́ tàbí fídíò lẹ ń tà, tí ẹ kò sì ní wẹ́bùsáìtì, ẹ má ra sọ́fítíwíà kankan. Ẹ gbé ọjà náà sórí Selar tàbí irú rẹ̀, ẹ yan ìdá tí alágbàtà yóò jẹ, ó parí. Selar ló ń gba owó, òun náà ló ń pín in, nítorí náà kò sí ohun tí yóò sọnù láàárín. Ohun tí ẹ ń pàdánù ni àṣẹ: òfin wọn lẹ ó tẹ̀ lé, wọ́n á sì yọ ìdá tiwọn.

Bí ṣọ́ọ̀bù yín bá wà lórí WordPress pẹ̀lú WooCommerce, ohun tó ń sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù, tí Paystack tàbí Flutterwave ń gba owó fún yín, ohun tó ń wọ inú WordPress náà ló dára jù, bíi AffiliateWP tàbí SliceWP. Wọ́n ń wo ipò tí ọjà wà nínú WooCommerce fúnra rẹ̀, Paystack ló sì ń sọ fún WooCommerce pé owó ti dé. Ẹ kàn ní láti rí i pé ẹ ti lẹ àdírẹ́sì webhook mọ́ àkáǹtì Paystack yín. Ọ̀pọ̀ ló gbàgbé ìyẹn, tí wọ́n wá ń dá alágbàtà lẹ́bi. Lórí Shopify, ẹ wá áàpù inú Shopify, bíi UpPromote tàbí GOAFFPRO, nítorí ìdí kan náà.

Ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń ṣìnà jù ni Rewardful àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó dára ni, gbogbo fídíò òyìnbó ló sì ń yìn ín, ṣùgbọ́n inú Stripe tàbí Paddle, àwọn tó ń gba owó fún ọlọ́jà lókè òkun, ló ti ń ka owó. Bí owó yín bá ń gba Paystack wọlé, kò ní rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Stripe ló ra Paystack ní ọdún 2020. Ẹni tó wà ní London tàbí Houston, tó ń gba owó oṣooṣù lórí Stripe, ló ṣe é fún, ìyẹn lè rà á láìfòyà.

Ẹ ó tún gbọ́ orúkọ Awin àti CJ. Àwọn yìí jẹ́ ọjà àwọn alágbàtà: wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn nílẹ̀, wọ́n sì máa ń gba ìdá tiwọn lé orí kọmíṣàn. Àfi bí ẹ bá ń tajà fún Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ẹ kò tíì nílò wọn. Ní ti ẹni tí alágbàtà rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, kóòdù mẹ́wàá àti Google Sheets yóò ṣe iṣẹ́ náà fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ láì náwó.

## Èló ni yóò ná yín gan-an?

Ẹ ṣírò ó lórí ọjà kan. Ká ní ₦20,000 lẹ ń tà á, ₦13,000 lẹ rà á. Oníbàárà lo kóòdù ìdá 5, ó san ₦19,000. Paystack yọ ìdá 1.5 nínú 100 pẹ̀lú ₦100, ìyẹn ₦385. Kọmíṣàn ìdá 10 jẹ́ ₦1,900. Ohun tó kù fún yín ni ₦3,715, ẹ kò sì tíì ka ọ̀rá, páálí àti data.

Ẹ wá mú sọ́fítíwíà tó ń gba dọ́là 49 lóṣù. Bí dọ́là bá jẹ́ ₦1,500, ₦73,500 nìyẹn. Ogún ọjà ni alágbàtà gbọ́dọ̀ bá yín tà lóṣooṣù kí sọ́fítíwíà tó san owó ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iye yìí kì í dúró sójú kan: kí náírà tó já ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì, kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹni tó ra sọ́fítíwíà kan náà láìyí nǹkan kan padà rí owó rẹ̀ tó di ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn tó ń gba owó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún sàn jù fún ìdí yìí.

Ẹ tún wo ohun tí sọ́fítíwíà ń ṣírò kọmíṣàn lé lórí. Bí oníbàárà bá san ₦3,500 fún ìfiránṣẹ́, tí sọ́fítíwíà sì ka ₦22,500 dípò ₦19,000, kọmíṣàn di ₦2,250. Ẹ ti fi ₦350 ta alágbàtà lọ́rẹ lórí owó tó jẹ́ ti ọlọ́kadà. Ibì kan wà nínú ètò tí ẹ ó ti yọ owó ìfiránṣẹ́ kúrò. Ẹ wá a kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

## Ìgbà wo ni kẹ́ ẹ san kọmíṣàn, báwo lẹ ó sì ṣe san án?

Ẹ má san kọmíṣàn lọ́jọ́ tí ọjà tà. Oníbàárà lè dá a padà, ọjà lè bàjẹ́ lọ́nà. Ẹ fi ọjọ́ 14 sílẹ̀ fún ọjà tí ń lọ sílé èèyàn, kí ẹ sì yan sọ́fítíwíà tó ń fagi lé kọmíṣàn fúnra rẹ̀ bí ẹ bá dá owó padà. Ẹ ṣọ́ra fún owó tí oníbàárà ń san nígbà tí ọjà bá dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti yan èyí ní WooCommerce, ọjà náà yóò bọ́ sí ipò Processing (iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀) lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kọ́bọ̀ kò tíì wọlé. Bí sọ́fítíwíà yín bá ka Processing sí ọjà tó ti tà, ẹ ó san kọmíṣàn lórí ọjà tí ẹlẹ́rù yóò gbé padà wá fún yín. Ẹ jẹ́ kó dúró de Completed (ó ti parí).

Ìdí yìí kan náà ni mi ò fi fara mọ́ pé kí ẹ jẹ́ kí Paystack máa pín owó fún alágbàtà lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣe é. Bí oníbàárà bá dá ọjà padà, owó alágbàtà ti lọ, ẹ ó máa lé e kiri.

Nípa sísan, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà òkèèrè mọ PayPal nìkan. Ẹ̀yin ẹ wá èyí tó lè gbé orúkọ, báńkì, nọ́ńbà àkáǹtì àti iye jáde bíi fáìlì CSV, tí ẹ ó gbé sórí Paystack tàbí báńkì yín láti fi san gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín tó ti kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀. Nọ́ńbà 10 ni àkáǹtì báńkì, púpọ̀ nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0. Bí ẹ bá fi Excel ṣí CSV náà, Excel yóò rò pé iye owó ni, yóò sì ju 0 iwájú nù: 0123456789 yóò di 123456789. Ẹ gbé e sórí Paystack, ó kọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ bá ń kó fáìlì wọ inú Excel, ẹ sọ òpó nọ́ńbà àkáǹtì di Text. Kí ẹ sì fi ìwọ̀n sí i pé ẹ kì í san ohun tó bá dín sí ₦5,000, kó lọ sí oṣù tó ń bọ̀.

## Irú màgòmágó wo ni sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ lè dá dúró?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí alágbàtà fi líǹkì ara rẹ̀ ra ọjà fún ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ń dá a mọ̀ bí ímeèlì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ímeèlì méjì yóò kọjá. Ẹ máa fi nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì wé ara wọn lóṣooṣù. Èyí tó léwu jù ni kí alágbàtà máa rọ kúkì sínú bùráúsà àwọn tí kò tẹ líǹkì kankan, kí gbogbo ohun tí wọ́n bá rà lè di tirẹ̀. Ní ọdún 2008 ni eBay pe àwọn kan lẹ́jọ́ lórí èyí, méjì nínú àwọn alágbàtà rẹ̀ tó tóbi jù sì ṣẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìdájọ́ ọdún 2014. Ẹ máa wo bí iye tó tẹ líǹkì ṣe bá iye tó rà mu. Alágbàtà tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún èèyàn "tẹ" líǹkì rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ, ẹ pè é kó wá ṣàlàyé.

Ẹ má sì jẹ́ kí sọ́fítíwíà fi nọ́ńbà fóònù oníbàárà han alágbàtà. Orúkọ ọjà, iye àti ọjọ́ ti tó o. Òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti ọdún 2023 fi ẹrù yẹn lé ọlọ́jà lórí.

## Báwo lẹ ó ṣe dán an wò kí ẹ tó sanwó?

Púpọ̀ nínú wọn ń fúnni ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láti dán wọn wò. Ẹ dá ọjà àdánwò ₦100 sílẹ̀. Nǹkan bíi ₦1.50 ni Paystack yóò yọ nínú rẹ̀, torí kì í fi ₦100 tó ń yọ lórí ọjà ńlá kún ti ọjà kékeré. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀márùn-ún. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ tẹ líǹkì lórí Chrome, ẹ fi káàdì san. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ṣí líǹkì nínú Instagram, ẹ fi tiransífà san, ẹ sì pa ojú ìwé náà kí "ẹ ṣeun" tó yọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ lo Opera Mini láìsí líǹkì, kóòdù nìkan. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ fi líǹkì rà á, kí ẹ sì dá owó náà padà. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ímeèlì alágbàtà rà á pẹ̀lú líǹkì rẹ̀.

Sọ́fítíwíà tó pé yóò fi kọmíṣàn mẹ́ta hàn yín, ẹ̀kẹrin yóò wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n a ti fagi lé e, ẹ̀karùn-ún kò ní sí. Bí ìkejì bá sọnù, ẹ ti mọ̀ pé webhook kò ṣiṣẹ́, bóyá ẹ̀bi sọ́fítíwíà ni tàbí ti ẹni tó tò ó. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe, kí ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí alágbàtà kankan tó wọlé.

## Bí ẹ bá fẹ́ kúrò lórí rẹ̀ ńkọ́?

Ọjọ́ yẹn ń bọ̀. ShareASale, tó ti wà láti ọdún 2000, ni Awin kó pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ ní ọdún 2025, gbogbo ọlọ́jà tó wà lórí rẹ̀ sì ní láti kó ẹrù. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ bèèrè bóyá ẹ lè gba orúkọ àwọn alágbàtà, kóòdù wọn àti owó tí ẹ ṣì jẹ wọ́n jáde bíi CSV. Ẹ tún wo ojú líǹkì. Bó bá jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà ló ṣáájú nínú líǹkì, gbogbo líǹkì tí àwọn alágbàtà ti fi sábẹ́ fídíò àti nínú àròkọ wọn yóò kú lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò. Orúkọ wẹ́bùsáìtì yín ni kí ó ṣáájú. Bí ẹ bá dé orí sọ́fítíwíà tuntun, ẹ fi ìrù ref sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì fún alágbàtà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó ń lò tẹ́lẹ̀, líǹkì ọdún méjì sẹ́yìn yóò ṣì máa ṣiṣẹ́.